Bíréèkì ń há lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú: ṣé kí n ra kálípà ni, àbí kí n tún un ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Camry Big Daddy ni mò ń wà, ti ọdún 2003. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mọ́tò náà ti ń fà sápá ọ̀tún bí mo bá ń sáré. Tí mo bá wà á láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, rímù ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú á gbóná débi pé n ò lè fọwọ́ kàn án, òórùn nǹkan tó ń jó á sì máa jáde níbẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ yòókù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Epo tó ń jẹ náà ti lé sí i.

Mekáníìkì mi ní kálípà, irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì kí táyà lè dúró, ti bàjẹ́, kí n lọ ra tòkunbọ̀ méjì, kí n ra páàdì àti dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, mọ́ ọn. Mekáníìkì kejì ní gíríìsì lásán ló ń fẹ́. Ẹnì kẹta ní òun lè bá mi dí ọ̀nà ọ́ìlì ẹsẹ̀ yẹn pa ná, kí n lè máa rìn títí owó á fi wọlé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Mọ́tò yìí ni mo fi ń kó ọjà, n ò sì fẹ́ náwó lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà.

* * *

Àǹtí mi, ti ẹnì kẹta yẹn ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ìmọ̀ràn tirẹ̀ ló lè gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan mọ́tò yín. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á tú hóòsì, páìpù rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí kálípà, wọ́n á ki béárínì kékeré tàbí orí ìṣó sẹ́nu páìpù, wọ́n á wá dì í padà. Bíréèkì á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, táyà á máa yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ ó sì gbà pé wọ́n ti bá yín ṣe é. Ó di ọjọ́ tí ọlọ́kadà bá já lu títì níwájú yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹsẹ̀ méjì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, torí bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìwúwo mọ́tò ló ń rọ́ síwájú. Tí ọ̀kan bá dì, tí èkejì ò dì, mọ́tò á fi agbára yà sápá ibi tó dì. Ẹ wá fi òjò kún un, ẹ fi ẹrù ọjà sẹ́yìn. Ẹ dákun, rárá.

Ní ti àwọn méjì tó kù, ọ̀kan nínú wọn lè jàre, àwọn méjèèjì sì lè jẹ̀bi. Nínú ohun tí ẹ kọ, n ò rí i pé ẹnikẹ́ni gbé mọ́tò sórí jáàkì, kó yí táyà, kó tú ohunkóhun wò. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n ti dárúkọ oògùn láì tíì yẹ aláìsàn wò.

* * *

Mo ti ka èsì tí ẹ̀yin tó kù fún àǹtí wa. Èyí tó pọ̀ jù ní "kálípà ni, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀." Àwọn kan ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì sí i. Ẹnì kan ní páàdì ayédèrú ló fà á. Ẹlòmíì ní bí mọ́tò bá ti lé ní ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, kó tà á.

Ti ìkẹ́yìn yìí ò tọ̀nà rárá. Bíréèkì kì í darúgbó bí ara èèyàn. Gbogbo ohun tó ń gbó nínú rẹ̀ ló ṣeé rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: rọ́bà, píìnì, hóòsì, páàdì, ọ́ìlì. Tí ẹ bá ta mọ́tò yìí torí rímù kan tó gbóná, ẹlòmíì á rà á, á fi owó kékeré tún un ṣe, á máa gbádùn rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ń yanjú. Irú kálípà tó wà níwájú Camry, apá inú nìkan ni písítìnì, irin róbótó tó ń jáde láti inú ihò kálípà, wà. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti písítìnì, písítìnì á ti páàdì inú lu dísìkì. Kálípà fúnra rẹ̀ á wá sún lórí píìnì méjì, á fi bẹ́ẹ̀ fa páàdì òde wá bá dísìkì láti òdìkejì. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò sí sípíríǹgì kankan tó ń fa písítìnì padà. Rọ́bà róbótó tó yí i ká nínú ihò ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí písítìnì ń jáde, rọ́bà náà á tẹ̀ tẹ̀lé e díẹ̀. Nígbà tí agbára ọ́ìlì bá rọlẹ̀, rọ́bà á padà sí bó ṣe wà, á sì fa písítìnì wọlé, ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà kan. Ìwọ̀n bíńtín yẹn ló ń jẹ́ kí táyà máa yí láìsí pé páàdì ń fẹ́ dísìkì lójú.

Ohunkóhun tó bá gba bíńtín yẹn lọ́wọ́ yín, bíréèkì á há. Ó lè jẹ́ pé písítìnì ti dípẹtà. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú ti wú. Ó lè jẹ́ pé píìnì méjì yẹn ti gbẹ. Ó lè jẹ́ pé etí páàdì ti há mọ́ irin tó jókòó lé. Ó lè jẹ́ pé hóòsì ò jẹ́ kí ọ́ìlì padà, tàbí kí bíréèkì másítà lókè, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo ẹsẹ̀ bí ẹ bá tẹ bíréèkì, má tú ọ́ìlì sílẹ̀. Kálípà tuntun á wo díẹ̀ nínú wọn sàn, kò ní wo gbogbo wọn. Ẹni tó bá ra kálípà méjì nígbà tó jẹ́ pé hóòsì ló há, irú ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì tí àǹtí ń sá fún gan-an nìyẹn.

* * *

Ẹ ó béèrè bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Sípánà kan ló ń fẹ́ àti ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ wa mọ́tò títí ẹsẹ̀ yẹn á fi há dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì, torí tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì láàárọ̀ tó ti tutù, ó lè máa yí bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Ẹ dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú lẹ́yìn, ẹ gbé iwájú sókè, kí ẹ sì fi irin ìdúró tì í. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí gíà wà ní N. Ẹ yí táyà ọ̀tún, ẹ yí ti òsì, kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀.

Tí ti ọ̀tún bá le, ẹ wá nọ́ọ̀tì kékeré tó ní ihò lójú lẹ́yìn kálípà, èyí tí àwọn mekáníìkì ń pè ní nípù, tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu rẹ̀, ẹ ki ẹnu kejì sínú ìgò. Ẹ wá tú nípù náà ní ìlàjì yíyí, láìtẹ bíréèkì.

Tí ọ́ìlì bá ta jáde pẹ̀lú agbára, tí táyà sì yí fẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á jẹ́ pé ọ́ìlì ló há sọ́hùn-ún tí kò rí ọ̀nà padà. Hóòsì ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Másítà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ másítà kì í sábà dá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo mú, ó máa ń mú ju ẹyọ kan lọ. Tí ọ́ìlì bá kàn ń ro tó tó tó, tí táyà ò sì tú, wàhálà irin ni: písítìnì, píìnì tàbí páàdì.

Tí nípù bá ti dípẹtà, ẹ má fi agbára tú u. Ẹ fọ́n WD-40 tàbí irú rẹ̀ sí i láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi sípánà tó bo gbogbo orígun mẹ́fà rẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kán sínú, kálípà yẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ́ìlì bíréèkì a sì máa jẹ ọ̀dà mọ́tò. Ibi tí ọ́ìlì náà bá ta sí, ẹ fi omi ṣàn án kíákíá.

* * *

Sí arákùnrin tó ní "ẹ wo páàdì, páàdì ò ń parọ́": mo fara mọ́ ọn, mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Tí páàdì inú bá tín-ín-rín gan-an tí ti òde ṣì nípọn, písítìnì ló ń ṣiṣẹ́ tí kálípà ò sún lórí píìnì, tàbí písítìnì ò padà. Tí páàdì kan bá jẹ lápá kan ju apá kejì lọ, tó wá dà bí èyí tí wọ́n gé ní dàgẹ̀rẹ̀, píìnì kan ló gbẹ tí èkejì ń sún. Tí páàdì méjèèjì bá sì tín-ín-rín bákan náà lẹ́sẹ̀ tó ń gbóná, tí ti ẹsẹ̀ kejì nípọn, mo máa ń ronú hóòsì.

* * *

Ọ̀rọ̀ píìnì àti gíríìsì ló fa ìjà jù níbí, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Òótọ́ ni mekáníìkì kejì sọ pé gíríìsì lè yanjú ẹ̀, bó bá jẹ́ píìnì. Àmọ́ irú gíríìsì wo? Èyí tó wà nínú agolo ńlá ní ọgbà mekáníìkì, tí wọ́n ń kó sí béárínì, epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é. Rọ́bà tó wà lára píìnì kì í fara da irú epo bẹ́ẹ̀: ó máa ń wú, ó máa ń rọ̀. Bó bá wú tán, píìnì á tún há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lo Vaseline, ohun kan náà ni. Ẹni tó ní òun ń lo gíríìsì aláwọ̀ bàbà láti ọjọ́ pípẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn irin páàdì ni ibi tirẹ̀, kì í ṣe inú ihò píìnì. Gíríìsì sílíkóònù tí wọ́n kọ bíréèkì kálípà sí lára ni kí ẹ béèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fẹ́. Tí ẹ bá kún ihò náà bámúbámú, afẹ́fẹ́ tó há sísàlẹ̀ á máa ti píìnì padà síta.

Ohun kejì ni pé píìnì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè má jọra. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ọ̀kan dán lásán, èkejì ní rọ́bà kékeré lórí. Ẹ sàmì sí ibi tí ẹ ti yọ kálukú kí ẹ tó fọ̀ wọ́n. Mo ti rí kálípà tí wọ́n pààrọ̀ ipò wọn, tí onímọ́tò sì ń ra páàdì ní gbogbo ìgbà láìmọ ìdí. Bí rọ́bà orí píìnì yẹn bá ti wú, tí píìnì ń wọlé pẹ̀lú ìjàkadì, ẹ ra kítì tuntun, ìyẹn àkójọ rọ́bà tí wọ́n ń tà fún kálípà. Kò wọ́n.

Ẹ wo ìjókòó páàdì náà. Ìpẹtà máa ń kó sábẹ́ kílíìpù pẹlẹbẹ tí etí páàdì ń sún lórí, á máa ti kílíìpù náà sókè, àyè páàdì á wá há. Ẹ yọ kílíìpù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha abẹ́ rẹ̀ títí irin á fi mọ́, ẹ dá kílíìpù padà. Páàdì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán sún. Ẹni tó bá ń fi òòlù gbá páàdì wọlé ti dá bíréèkì tó ń há sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ páàdì ayédèrú ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: irin ẹ̀yìn àwọn kan máa ń gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

* * *

Bó bá jẹ́ písítìnì ńkọ́? Ìbéèrè kan wà lókè pé kí ló dé tí bíréèkì òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í há gẹ́rẹ́ tí wọ́n kó páàdì tuntun sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Bí páàdì ṣe ń jẹ, písítìnì á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà tó bò ó fún eruku á ya, sábà lápá ìsàlẹ̀. Omi òjò á wọlé. Ara písítìnì tó ti jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ẹ ó rí òrùka pupa kan yí i ká nítòsí ẹnu ihò. Tí wọ́n bá wá kó páàdì tuntun tó nípọn sí i, wọ́n á ti písítìnì padà, òrùka ìpẹtà yẹn á sì wọ inú rọ́bà tó yẹ kó máa fà á. Ó di há. Páàdì tuntun ò jẹ̀bi, ẹni tó ti písítìnì wọlé láìwo ara rẹ̀ ni.

Láti yọ ọ́, èyí tó dá mi lójú jù ni pé kí ẹ má tíì tú hóòsì. Ẹ yọ páàdì, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sáàárín, kí ẹnì kan máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kó má sáré. Agbára ọ́ìlì á ti písítìnì jáde jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé kálípà lọ bá fọ́kánáísà kó fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ táyà fọ́n ọn jáde. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Písítìnì tó ti há, bó bá tú lójijì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè fọ́ ìka ọwọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi pákó tó nípọn dí i lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ kéré, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí níwájú rẹ̀.

Bó bá jáde, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi èékánná yí ara rẹ̀ ká. Bí èékánná yín bá ń kọ́ sí ihò wẹ́wẹ́ níbi tí rọ́bà ń fẹ́, písítìnì yẹn ti parí iṣẹ́. Àwọn kan ń fi sáńpépà ha á títí á fi dán. Ohun tí wọ́n ń ha dànù ni kúróòmù tó ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á tún pupa.

Inú ihò kálípà ní tirẹ̀, kòtò kékeré tí rọ́bà ń jókòó sí ló ṣe kókó. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀, á máa ti rọ́bà mọ́ písítìnì. Ẹ fi igi ṣóńṣó ha á, ẹ má fi ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ má sì fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ gbogbo nǹkan ní ọgbà mekáníìkì. Ẹni tó bá ní òótọ́ kọ́ ni mò ń sọ, kó gbé rọ́bà kálípà àtijọ́ kan sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó wá gbé e ti èyí tí kò wọ epo. Ẹ fi sípíríìtì tàbí ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun yẹn náà ni kí ẹ fi pa rọ́bà tuntun kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò rẹ̀.

* * *

"Kí ló dé tí èèyàn á fi ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí tòkunbọ̀ wà ní Ládípọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, n ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀. Èmi náà mọ Ládípọ̀, mo sì mọ Gate ní Ìbàdàn. Àmọ́ ẹ rántí ibi tí nǹkan yẹn ti wá. Àwọn kan nínú mọ́tò tí wọ́n tú sílẹ̀ yẹn wá láti ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, Michigan, Ohio, New York àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù. Iyọ̀ àti irin kì í ṣọ̀rẹ́. Kálípà tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn níta lè ní písítìnì tó dà bí ti yín gẹ́lẹ́ nínú. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ṣí rọ́bà eruku rẹ̀ kí ẹ wo ara písítìnì, ẹ fọwọ́ sún píìnì méjèèjì, ẹ gbìyànjú láti tú nípù kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Kódà lẹ́yìn náà, ẹ ṣì fi kítì tuntun sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀tún àti òsì. Bí wọ́n bá gbé ti òsì sí ọ̀tún, ó lè wọlé pátá, nọ́ọ̀tì á dì, àmọ́ nípù á wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ sì máa ń gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á fà á títí, bíréèkì á máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ ra másítà. Nígbà tí wọ́n bá gbé kálípà sí i tán, nípù gbọ́dọ̀ wà lókè.

* * *

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Manchester. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ pé iyọ̀ títì ló ń jẹ kálípà lọ́hùn-ún, àti pé nínú MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún ti Bìrìtéènì, wọ́n ń gbé táyà sórí rólà, bí ìyàtọ̀ bíréèkì ọ̀tún àti ti òsì lójú irin kan náà bá ju 30% lọ, mọ́tò já nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà ni pé lọ́dọ̀ yín, ẹ lè gbé kálípà àtijọ́ lọ fún ẹni tó ń ta èyí tí wọ́n ti tún ṣe ní ilé iṣẹ́, kó dá díẹ̀ padà fún yín nínú owó. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe, n kò ní tú písítìnì kankan. Níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú dáadáa tí ó sì ra kítì ló ń jèrè.

* * *

Honda Accord End of Discussion, bíréèkì ẹ̀yìn: ẹ̀yin tí ẹ ní mekáníìkì fi kílámpù ti písítìnì ẹ̀yìn títí, tí kò wọlé, ẹ sọ fún un kó dúró kíákíá. Kálípà ẹ̀yìn Honda yẹn, háńdì bíréèkì wà nínú rẹ̀. Písítìnì rẹ̀ ń wọlé nípa yíyí ni, bí ìdérí ìgò. Àmì tó dà bí àgbélébùú wà lójú rẹ̀ tí irinṣẹ́ á kọ́ sí. Bí wọ́n bá fipá tì í, ohun tó wà nínú á bàjẹ́. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yìn ló ń há lẹ́yìn tí ẹ bá fa háńdì bíréèkì, ẹ yẹ kébù rẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kálípà. Ẹ tú kébù lára apá kékeré tó wà lẹ́yìn kálípà. Bí apá yẹn bá padà délẹ̀ fúnra rẹ̀, kébù ló há.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọ́ìlì bíréèkì òun tán lọ́nà, mekáníìkì sì fi hàdíróólìkì pupa ti sítíárì dí i. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ohun tí mo sọ nípa gíríìsì lókè, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí, torí ọ́ìlì yẹn á dé gbogbo rọ́bà tó wà nínú bíréèkì. Gbogbo wọn á wú. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè há lẹ́ẹ̀kan náà. Fífọ̀ nìkan kò tó mọ́: rọ́bà másítà, ti kálípà, hóòsì, gbogbo wọn ló máa di tuntun. Ẹ má wà á mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ.

Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3 tàbí DOT 4 ló wà fún mọ́tò wa, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí ìdérí ike rẹ̀. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C ó kéré tán. Bó bá ti fa omi tó, 140°C ti tó láti mú un hó. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ẹ wá ro ẹni tó ní kálípà tó ń há, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Èfọ̀n Aláàyè pẹ̀lú ẹrù, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì ti wà nínú mọ́tò láti ọjọ́ tó ti ti Kútọnu wọlé. Ọ́ìlì á hó lẹ́sẹ̀ yẹn, á di ooru, ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á sì délẹ̀ láìsí ohunkóhun níbẹ̀. Torí náà ni mo fi ń sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ rímù tó ń gbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo tó ń jẹ nìkan. Ọdún méjì-méjì, ẹ dà á nù, ẹ kó tuntun sí i. Agolo tí ẹ ti ṣí tó sì ti pẹ́ nílé, ẹ má lò ó.

* * *

Àǹtí mi, inú mi dùn pé ẹ padà wá, mo sì kí yín pé ẹ dúró ti mekáníìkì nígbà tó ń ṣe é. Ẹ ní nígbà tó tú nípù, ọ́ìlì dúdú ta jáde, táyà sì yí fẹ́rẹ́. Ẹ ní ti òsì kò há rárá, píìnì méjèèjì sì ń sún. Hóòsì ni. Ẹ má ra kálípà.

Mekáníìkì yín ní hóòsì náà dára lójú, kò ya, kò jò. Òótọ́ ló sọ, ìta ló ń wò. Inú hóòsì ní awọ tirẹ̀, awọ yẹn ló ń wú tàbí tó ń ṣí. Ẹsẹ̀ yín lágbára, ó lè ti ọ́ìlì kọjá ibi tó há. Ọ́ìlì tó ń padà kò ní ẹni tó ń tì í, rọ́bà róbótó yẹn nìkan ló ní, agbára rẹ̀ kò sì tó. Nígbà míì, irin tó di hóòsì mú láàárín ló dípẹtà tó ń fún un lọ́rùn. Bó bá yọ ọ́ tán, kó gé e sí méjì níṣojú yín.

Ẹ ra méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ mọ́tò. Tuntun ni kí ẹ rà, hóòsì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ra ní tòkunbọ̀. Kó lo wáṣà bàbà tuntun níbi tó ti so mọ́ kálípà. Bó bá ń tú kálípà, kó fi wáyà gbé e kọ́, kó má jẹ́ kó rọ̀ sórí hóòsì. Bó bá dì í tán, kó yí sítíárì dé ìparí lápá ọ̀tún, kó yí i dé ìparí lápá òsì, kí ẹ wò ó pé hóòsì kò lọ́, kò sì fara kan táyà. Lẹ́yìn náà, kó fa gbogbo ọ́ìlì dúdú yẹn jáde lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí èyí tó mọ́ á fi máa jáde.

Ẹ béèrè nípa páàdì àti dísìkì tí mekáníìkì àkọ́kọ́ ní kí ẹ rà. Páàdì ọ̀tún yẹn ti jó, bó bá ń dán lójú tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ti òsì náà pẹ̀lú. A kì í pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ kan. Ẹ ní kó yí béárínì ẹsẹ̀ yẹn pẹ̀lú ọwọ́, kó tẹ́tí sí i, torí ooru tó pọ̀ máa ń yọ́ gíríìsì inú rẹ̀. Ní ti dísìkì, ìwọ̀n tó kéré jù tó lè wà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní mìlímítà. Ẹ jẹ́ kó fi ohun ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì wò ó bóyá ó ti sán. Bí ó bá ti tín-ín-rín ju iye yẹn lọ tàbí tó ti sán, ẹ ra méjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ fi owó yẹn ra páàdì tó dára.